Àwo orin tí wọ́n ní yóò sọ Sunny Adé di Bob Marley kejì: Bí "Aura" ṣe já òyìnbó kulẹ̀ lọ́dún 1984

Lọ́jọ́ Sátidé, ní ibùdókọ̀ Pleasure, lójú títì márosẹ̀ tó lọ láti Èkó sí Abẹ́òkúta, ariwo àwọn ọmọ ọkọ̀ kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ ara ẹ̀. Ẹni tó ń pe Ìyànà-Ìpájà ń pè, ẹni tó ń pe Ilé-Epo àti Abúlé-Ẹ̀gbá náà ń pè. Láàárín ariwo yìí lẹ ti máa rí àwọn ìyá tó wọ aṣọ ẹbí, tí wọ́n we gèlè bí ẹní fẹ́ gbé òrùlé kiri, tí wọ́n ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn dé òde àríyá. Ẹ bi wọ́n léèrè pé orin ta ni wọ́n fẹ́ lọ jó. Tí wọn ò bá dárúkọ onífújì kan, Sunny ni wọ́n máa pè. Ẹ dárúkọ "Ja Funmi" fún wọn, èjìká á ti máa mì kí ọkọ̀ tó dé. Ẹ dárúkọ "365 Is My Number," bàbá àgbà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn á rẹ́rìn-ín, á ní ìgbà tí ara àwọn ṣì le nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ wá dárúkọ "Aura" fún wọn. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n bi yín pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àbí oògùn ni, àbí ọṣẹ ìwẹ̀ tuntun.

Kì í ṣe oògùn, kì í sì í ṣe ọṣẹ. Àwo orin ni. Sunny tí wọ́n mọ̀ yẹn náà ló ṣe é, lọ́dún 1984. Kọ́ńpìnnì Island, àwọn tó gbé Bob Marley jáde fáráyé, ló náwó lé e lórí. Stevie Wonder, ògbóǹtarìgì olórin Amẹ́ríkà tí kò ríran, bá a fọn hàmóníkà sí i. Èrò àwọn tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ni pé àwo yìí ni yóò gbé orin jùjú wọ yàrá àwọn òyìnbó, tí wọn yóò fi máa pe Sunny Adé bí wọ́n ṣe ń pe Bob Marley. Àfi bí ibi tí wọ́n fojú sí, tí ọ̀nà ò gbabẹ̀ lọ. Àwo náà ò tà bí wọ́n ṣe rò ó. Island yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ Sunny, báńdì tó ń tẹ̀ lé e kiri ayé náà sì túká.

Ọ̀pọ̀ olórin ni irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí tí a ò gbúròó wọn mọ́. Ti Sunny ò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nídìí ẹ̀ ló sì yẹ kéèyàn gbọ́ dáadáa, pàápàá lásìkò tí gbogbo ọmọ tó bá ti mọ gbohùngbohùn dì mú ń sọ pé Amẹ́ríkà lòun ń lọ.

ỌMỌ ỌBA TÓ NÍ YUNIFÁSÍTÌ LÒUN Ń LỌ

Ìdílé ọba ní Òǹdó ni Sunny ti wá, ṣùgbọ́n Òṣogbo ni wọ́n bí i sí, lọ́jọ́ 22, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1946. Sunday Adéníyì lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Bàbá ẹ̀ máa ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá ẹ̀ ń ṣòwò. Nígbà tó fẹ́ wá sí Èkó, ohun tó sọ fún wọn nílé ni pé Yunifásítì Èkó lòun ń lọ. Ta ló fẹ́ gbọ́ nígbà yẹn pé ọmọ ọba fẹ́ di onílù? Àwọn onílù, alágbe ni wọ́n kà wọ́n sí.

Ọ̀dọ̀ Moses Ọláìyá ló já sí, ẹni tí gbogbo ayé padà wá mọ̀ sí Bàbá Sàlá aláwàdà. Lásìkò tí à ń wí yìí, Ọláìyá ní ẹgbẹ́ olórin kan tí wọ́n ń pè ní Federal Rhythm Dandies. Ibẹ̀ ni Sunny ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kó èèyàn jọ sójú agbo. Lọ́dún 1967, ó dá tiẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Green Spots. Ẹni tó bá mọ ìtàn jùjú á ti rẹ́rìn-ín: Blue Spots lorúkọ báńdì I.K. Dáíró, tí òkìkí ẹ̀ ń kàn nígbà náà. Ọmọdé fẹ́ bá àgbà du ìjókòó, ó sì ti fi orúkọ sọ ọ́.

Orin tó kọ nípa bọ́ọ̀lù, "Challenge Cup," wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń wá kiri. Ọ̀dọ̀ kọ́ńpìnnì African Songs ló wà nígbà náà. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ owó dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn, ó sì di ọ̀rọ̀ kóòtù. Sunny kúrò níbẹ̀, ó dá ilé-iṣẹ́ àwo orin tirẹ̀ sílẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1970, báńdì ẹ̀ sì ti ń jẹ́ African Beats. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o. Kí òyìnbó kankan tó mọ̀ ọ́n ló ti di ọ̀gá ara ẹ̀. Òun ló ń kọrin, òun ló ń tẹ̀ ẹ́, òun ló ń tà á. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún un pé gé orin ẹ kúrú tàbí pé fi ìlù yìí sílẹ̀.

BOB MARLEY KÚ, WỌ́N Ń WÁ ÀRỌ́PÒ

Lọ́jọ́ 11, oṣù karùn-ún, ọdún 1981, Bob Marley jáde láyé. Ọmọ ọdún 36 péré ni. Ẹni tó ni Island, Chris Blackwell, pàdánù olórin tó mọ̀ sí ìgbẹ́kẹ̀lé. Oníṣòwò ò sì gbọdọ̀ fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ láìlọ́jà. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wojú Áfíríkà pé ibẹ̀ ni ìràwọ̀ mìíràn yóò ti yọ.

Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Martin Meissonnier, tó fẹ́ràn orin Áfíríkà gan-an, ló so okùn náà láàárín Sunny àti Island. Bí wọ́n ṣe ṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, "Juju Music," tó jáde lọ́dún 1982. Ìlú Lomé, ní Togo, ni wọ́n ti gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀. Ká sòótọ́, ara ohun tí Sunny ti ń ṣe nílé tẹ́lẹ̀ ló kó sínú ẹ̀. "Ja Funmi" wà níbẹ̀, níbi tó ti ń bẹ orí ẹ̀ pé kó gbèjà òun. "365 Is My Number" náà wà níbẹ̀.

Ohun tí wọ́n yí padà ni gígùn orin. Nílé, àwo jùjú kì í dá orin sí wẹ́wẹ́. Bí wọ́n bá ti fi abẹ́rẹ́ lé e, ojú kan lè lọ títí láìdánu dúró, kí orin kan máa wọnú èkejì, bó ṣe ń rí lójú agbo. Fún òyìnbó, wọ́n gé e sí mínútì mélòó kan kí rédíò wọn lè rí i lò. Wọ́n gé ìrù ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹran náà ṣì jẹ́ ẹran. Gìtá ń dún kerekere, gángan ń sọ̀rọ̀, Sunny ń fi ohùn jẹ́jẹ́ kọrin bí ẹni ń pa àlọ́ fọ́mọ.

Àwọn tó ń kọ̀wé nípa orin nílùú London àti New York yin àwo náà púpọ̀. Lọ́dún 1983, Sunny àti àwọn ọmọ ẹ̀ káàkiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Bí ogún èèyàn, pẹ̀lú aṣọ òfì àti agbádá, lórí ìtàgé tí àwọn òyìnbó ti mọ̀ pé èèyàn mẹ́rin péré ló máa ń wà. Lọ́dún yẹn kan náà ni èkejì jáde, "Synchro System." Àwo yìí ni wọ́n mú fún ìdíje Grammy, Sunny sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa dárúkọ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n pín ẹ̀bùn náà níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1984, Clifton Chenier, aláwọ̀ dúdú kan tó ń fọn àkọ́díọ̀nù láti Louisiana, ló gbé e lọ. Ṣùgbọ́n orúkọ ti jáde. Ìyẹn pàápàá, iyì ni.

Àmọ́ ìyìn ọ̀tọ̀, owó ọ̀tọ̀. Àwọn oníwèé ìròyìn ń yìn ín, bẹ́ẹ̀ iye àwo tó ń tà ò tó èyí tí Island ń retí látọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ gbapò Marley. Wọ́n wá ní kẹ́ẹ̀ta ni yóò ṣe é. Ẹ̀kẹta yẹn ni "Aura."

Ẹ̀RỌ WỌNÚ ÌLÙ

Orin mẹ́fà ló wà nínú "Aura": "Ase," "Gboromiro," "Ogunja," "Oremi," "Ire" àti "Iro." Meissonnier náà ló bójú tó iṣẹ́ ọ̀hún. Tẹ́tí yín bá ti gbọ́ méjì ìṣáájú, kété tí ẹ bá fi ti "Aura" sí i lẹ máa mọ̀ pé nǹkan ti yàtọ̀. Ẹ̀rọ tí ń lu ìlù fúnra ẹ̀ ti wọnú ẹ̀. Dùùrù oníná ti pọ̀. Ohùn béésì wúwo, ó ń gbá àyà bíi ti ilé ijó àwọn òyìnbó lásìkò yẹn. Lórí "Ase" ni Stevie Wonder ti fọn hàmóníkà ẹ̀, lọ́dún kan náà tí orin tirẹ̀, "I Just Called to Say I Love You," gbòde kan, tí kò síbi tí wọn ò ti gbọ́ ọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Kì í ṣe pé "Aura" burú. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó kọ̀wé nípa ẹ̀ ló bú u, àwọn kan fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni. Hàmóníkà yẹn dùn létí. Ẹni tó bá fẹ́ jó sí i á rí i jó. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tó mọ jùjú gbọ́ ọ, ó ní ẹ̀rọ ti pọ̀ jù nínú ẹ̀, kì í ṣe Sunny tóun mọ̀ rèé. Ẹni tí kò mọ jùjú gbọ́ ọ, ó ní kò tíì tó ohun tóun ń gbọ́ nílé ijó lálaalẹ́, kí lòun tún ń wá lọ sí Áfíríkà? Àdán tó ní òun kì í ṣe eku, òun kì í ṣe ẹyẹ ni ọ̀rọ̀ náà wá jọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń mú jùjú dùn. Lójú agbo, ojú olórin kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Bí olówó kan bá wọlé, onígángan á ti rí i, á fi ìlù kí i, á pe oríkì bàbá ẹ̀. Gìtá á rọra fà sẹ́yìn kí gbogbo ayé lè gbọ́. Sunny á gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ìlù, á dárúkọ olówó, á dárúkọ ìyàwó ẹ̀, á dárúkọ ọmọ ẹ̀ tó wà nílùú òyìnbó. Olówó á dìde, á máa ná an mọ́ ọn lórí. Bí owó bá ṣe ń bọ́ síwájú orí lorin ń gùn sí i. Ìgbà tí olówó náà bá jókòó lonílù á tó mọ̀ pé ó yá ká gba ibòmíràn lọ. Ojoojúmọ́ lorin yàtọ̀, torí pé ojoojúmọ́ lẹni tó ń wọlé yàtọ̀.

Ẹ̀rọ ò mọ ẹni tó wọlé. Bó ṣe lù ú nígbà tí ilé ṣófo, bẹ́ẹ̀ náà ló máa lù ú nígbà tí Ọba Òǹdó bá dé. Kò ní í yára, kò ní í fà sẹ́yìn, kò ní í kí ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n rò pé ó máa sọ orin náà di tayé ló bọ́ ẹ̀mí inú ẹ̀ sọnù.

ỌJÀ Ò YÁ, ÒKÚ Ń TÀ JU ALÁÀYÈ LỌ

Nǹkan mìíràn tún wà tí wọn ò rò. Marley, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń kọrin. Bó ti wù kó fi ti Jàmáíkà lù ú, ọmọ London á gbọ́ pé ìyà ló ń sọ, òmìnira ló ń sọ, ìfẹ́ ló ń sọ. Sunny ń kọ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ orí ló ń sọ, ọ̀rọ̀ àdúrà, sùúrù, ọ̀tá àti ọ̀rẹ́. Ìdajì adùn ẹ̀ wà nínú òwe. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá ń gbọ́ ohùn ni, kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi Sunny, kì í sì í ṣe ẹ̀bi òyìnbó. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé wọ́n fẹ́ fi ẹnì kan dí àyè ẹlòmíràn.

Èyí tó tún wá dà bí àwàdà ni pé lọ́dún 1984 yẹn kan náà, Island kó àwọn orin Bob Marley tó ti jáde tẹ́lẹ̀ jọ sínú àwo kan, wọ́n pè é ní "Legend." Ọjà wọn ò tà, àgbá rẹ́rẹ́ ni ó tà! Ó ti ju mílíọ̀nù ogún lọ káàkiri ayé láti ìgbà náà. Olóògbé tí wọ́n ń wá àrọ́pò ẹ̀ ló ń tà ju aláàyè tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò ẹ̀ lọ. Oníṣòwò wo ló máa rí irú ẹ̀ tí kò ní í ṣírò owó ẹ̀ wò?

Wọ́n sì ṣírò ó. Kíkó bí ogún èèyàn wọ bàálù kì í ṣe kékeré. Òtẹ́ẹ̀lì wọn, oúnjẹ wọn, ẹrù ìlù wọn, ìwé àṣẹ ìrìnnà wọn, gbogbo ẹ̀, owó ni. Lẹ́yìn "Aura," Island ò bá Sunny ṣe mọ́.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà sọ ọ́. Àwọn kan ní nítorí pé ọjà ò tà ni. Àwọn mìíràn ní Sunny ló kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní í jẹ́ kí wọ́n tún máa ti ọwọ́ bọ orin òun ju bí wọ́n ṣe ti bọ̀ ọ́ lọ, pé bí wọ́n bá sọ ọ́ di ti òyìnbó pátápátá, kò sí jùjú mọ́. Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ méjèèjì ò ta kora. Ẹni tí ọjà ẹ̀ ń tà, kò sẹ́ni tó máa ní kó yí i padà. Ẹni tí ọjà ẹ̀ ò tà ni wọ́n máa ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

WÀHÁLÀ BẸ́ SÍLẸ̀ NÍLẸ̀ JAPAN

Àfi bíi pé ìyẹn ò tó. Lọ́dún 1984 yẹn náà ni wọ́n rìnrìn-àjò lọ sí Japan. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín Sunny àti àwọn ọmọ ẹ̀. Àwọn tó ń lu ìlù ń wo èrò tó ń kún gbọ̀ngàn, wọ́n ń wo orúkọ ọ̀gá wọn nínú ìwé ìròyìn, wọ́n ní ohun tó ń kàn wọ́n kéré. Ọ̀gá ní tiẹ̀ mọ iye tó ń jáde lápò. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn mọ́tò ò rí bí epo ṣe ń tán níwájú. Nígbà tí gbogbo ẹ̀ parí, àwọn tó pọ̀ jù nínú African Beats bá tiwọn lọ. Báńdì tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́, tí ọwọ́ wọn ti bára mu débi pé wọ́n lè fi ojú lásán bára wọn sọ̀rọ̀ lórí ìtàgé, ó túká.

Ẹnì kan wà nínú wọn tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ yẹ kéèyàn mẹ́nu bà. Démọ́lá Adépọ̀jù ló ń ta gìtá olókùn irin tí wọ́n máa ń tẹ́ sílẹ̀ bíi tábìlì, èyí tó máa ń dún bí ẹni ń sunkún jẹ́jẹ́ nínú orin Sunny. Lọ́dún 1986, nígbà tí Paul Simon, olórin Amẹ́ríkà, ṣe àwo tó pè ní "Graceland," Démọ́lá ló pè kó wá ta gìtá yìí lórí orin tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ àwo náà. "Graceland" tà ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù, ó sì gba Grammy àwo tó dára jù lọ lọ́dún 1987. Ẹ ò rí nǹkan! Gìtá tó wà nínú orin Sunny náà ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òyìnbó ló ń kọrin, Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń kọ. Ohun tí ọjà wọn ń fẹ́ gan-an ti hàn síta: ìlù wa, ẹnu wọn.

FẸLÁ ÀTI OBEY NÁÀ TỌ́ Ọ WÒ

Kì í ṣe Sunny nìkan ni irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Lọ́dún 1983, kọ́ńpìnnì Virgin, tó ń bá Island du ọjà, mú Ebenezer Obey, wọ́n gbé "Je Ka Jo" ẹ̀ jáde fún àwọn òyìnbó. Òkìkí Obey ò torí ìyẹn kọjá ibi tó wà tẹ́lẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ti Fẹlá tiẹ̀ tún burú jù. Ìjọba ológun Buhari sọ ọ́ sẹ́wọ̀n lọ́dún 1984 lórí ẹ̀sùn pé ó fẹ́ kó owó ilẹ̀ òkèèrè jáde. Bó ṣe wà lẹ́wọ̀n ni wọ́n gbé orin ẹ̀, "Army Arrangement," fún Bill Laswell ní Amẹ́ríkà, ó yọ tibí, ó fi tọ̀hún sí i, ó pe àwọn olórin mìíràn wá lù sí i, àwo náà sì jáde lọ́dún 1985. Nígbà tí Fẹlá jáde lẹ́wọ̀n lọ́dún 1986 tó sì gbọ́ ohun tí wọ́n fi orin òun ṣe, inú bí i. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti Sunny ni pé Fẹlá ò sí nílé nígbà tí wọ́n wọ yàrá ẹ̀. Sunny ló ṣílẹ̀kùn fún wọn, kó tó wá sọ pé ẹ dúró níbẹ̀.

ILÉ LA Ń WÒ KÁ TÓ SỌMỌ LÓRÚKỌ

Ọ̀pọ̀ èèyàn nílùú òyìnbó rò pé Sunny ti tán lẹ́yìn "Aura." Wọn ò mọ̀ pé gbogbo àsìkò tó ń ṣe tiwọn yẹn náà ló ń ṣe ti ilé. Lọ́dún 1983 tó gbé "Synchro System" jáde fún wọn, ó gbé "Bobby" jáde fáwọn èèyàn ẹ̀ nílé, ó fi ṣèdárò Bobby Benson, àgbà olórin tó kú lọ́dún yẹn. Ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ ṣì ń tẹ àwo, àwọn olówó ṣì ń wá a fún òkú àgbà, ìyàwó gbígbé àti ìwúyè.

Kò pẹ́ tó kó báńdì tuntun jọ, ó pè é ní Golden Mercury. Lọ́dún 1985, ó gbé àwo kan jáde tó pè ní "Otito." Ẹni tí àwọn ọmọ ẹ̀ fi sílẹ̀, tí òyìnbó yọwọ́ lọ́rọ̀ ẹ̀, tó wá sọ àwo ẹ̀ ní Òtítọ́, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Kò rọrùn fún un nílé o. Fújì Barrister àti Kollington ti gba ọ̀pọ̀ agbo. Lọ́dún 1989, Shina Peters gbé "Ace" jáde, gbogbo ọ̀dọ́ sì tẹ̀ lé e. Àwọn kan ní ìgbà Sunny ti lọ. Ṣùgbọ́n Mínísítà Ìgbádùn ò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sì sáré lọ gbé ẹ̀rọ wá mọ́. Ó ń bá tiẹ̀ lọ. Lọ́dún 1995, ó tún gbé àwo jáde fún àwọn ará Amẹ́ríkà, "E Dide." Nígbà tó di 1998, ó ṣe "Odù." Àwọn orin àtijọ́ ilẹ̀ Yorùbá ló kó sínú èyí, irú èyí tí àwọn ìyá àgbà mọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó jọ Marley. Kò sẹ́ni tó ní kó jọ ẹnikẹ́ni.

Àwo yẹn ni wọ́n mú fún Grammy ọdún 1999. Gilberto Gil, ọmọ Brazil, ló gbé e lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí orúkọ Sunny máa wà níbẹ̀. Ọdún 15 ló wà láàárín méjèèjì. Àkọ́kọ́, orin tó ti ń kọ nílé tẹ́lẹ̀ ló gbé e débẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, orin tó dàgbà ju òun fúnra ẹ̀ lọ ló gbé e débẹ̀. Èyí tó wà láàárín, èyí tí wọ́n dìídì ṣe kí òyìnbó lè fẹ́ràn ẹ̀, ni òyìnbó ò fẹ́.

Lónìí, nǹkan ti yí padà. Burna Boy gba Grammy lọ́dún 2021, àwọn ọmọ wa sì ń kún gbọ̀ngàn ńláńlá ní London àti New York, tí àwọn òyìnbó ń bá wọn kọ Yorùbá tí wọn ò mọ ìtumọ̀ ẹ̀. Ọ̀nà tí Sunny là tí ẹ̀gún gún un lẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń fi bàtà rìn. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí "Aura" ṣì lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ọjà òkèèrè lè yí padà lọ́sàn-án kan. Bó bá ti yí padà, ìbéèrè tó kù ni pé ta ló kù nílé tó ń dúró dè ọ́? Sunny ní èèyàn nílé. Ó ní àwo tirẹ̀, ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, àti àwọn ìyá tó ń we gèlè dè é. Olórin tí gbogbo owó ẹ̀ wà lọ́wọ́ àjèjì, tí àwọn ará àdúgbò ẹ̀ ò sì mọ orin ẹ̀ kọ, ìyẹn ló yẹ kí ẹ̀rù máa bà.

Ní Pleasure, ọkọ̀ Abúlé-Ẹ̀gbá ti dé. Àwọn ìyá aláṣọ ẹbí ń fún ara wọn wọlé, wọ́n ń fọwọ́ di gèlè mú kí ilẹ̀kùn má baà gbá a. Dẹ́rẹ́bà tẹ nǹkan lórí fóònù ẹ̀, gìtá bẹ̀rẹ̀ sí í dún kerekere. Wọn ò mọ "Aura," wọn ò sì bi ẹnikẹ́ni. "Ja Funmi" ni, gbogbo ọkọ̀ sì mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀.